Ẹrù Tí Màmá Àgbà Wọ̀ Láṣọ

Tí ìkọ̀wé mi bá rí wúruwùru, ayọ̀ ló fà á, ẹ má bẹ̀rù. Ṣọ́ọ̀bù mi ṣì wà! Láti àárọ̀ ni mo ti ń ṣí fóònù wò ó. Màá ṣí i, màá rí i, màá tì í, màá tún ṣí i. Màmá àgbà ní tí n bá ń wò ó báyẹn, ojú mi máa kó wọ inú ẹ̀. Kó wọ inú ẹ̀! Ẹni tí wọ́n fẹ́ kó lọ sídìí ẹja dídì ní Ìkòròdú, tó ṣì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé bàbá ẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ṣé kò yẹ kó yọ̀ ni?

Ẹ jẹ́ n rọra sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mi ò lè rọra, àmọ́ màá gbìyànjú.

Fìlà la ń tà. Màmá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló ń fọwọ́ ṣe ọnà sí i lára, abẹ́rẹ́ àti òwú nìkan, kò sí ẹ̀rọ kankan níbẹ̀. Ó ti ń ṣe é kí wọ́n tó bí bàbá mi. Nígbà tí mo ṣe tán ní sẹ́kọ́ńdìrì tí yunifásítì ò gbà mí, mo ya fọ́tò fìlà mẹ́ta, mo gbé e sórí ọjà kan báyìí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi táwọn ará òkè òkun ti máa ń ra nǹkan tí wọ́n fọwọ́ ṣe. Bàbá mi wò mí títí. Ó ní, "Ó dáa. Tó bá di Iléyá tí ọjà inú fóònù yẹn ò bá dúró, ọ̀dọ̀ àǹtí ẹ lò ń lọ ní Ìkòròdú." Ẹja dídì ni àǹtí mi yẹn ń tà. Mo ti bá a ṣe é rí nígbà họ́lídè. Mo ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, síbẹ̀ ológbò ń tẹ̀ lé mi wálé.

Ṣùgbọ́n ọjà dúró! Ẹnì kan rà, ẹnì kejì rà, wọ́n ń fún mi ní ìràwọ̀, ìyẹn àmì tí wọ́n fi ń mọ̀ pé ọjà èèyàn dáa. Nígbà tó yá, màdáámù kan kọ̀wé láti erékùṣù kan tó jìnnà gan-an, ibi tí kágò tiwa ò dé. Ó ní bàbá òun àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ mẹ́jọ, àwọn apẹja tó ti darúgbó, máa ń jókòó ta dómínò létí òkun lójoojúmọ́, oòrùn sì ń pa wọ́n lórí. Fìlà mẹ́sàn-án ni òun fẹ́, òun fẹ́ fún wọn lọ́jọ́ tí bàbá òun bá pé ẹni ọgọ́rin ọdún. Mo ka ìwé yẹn sí Màmá létí, Màmá ní, "Bàbá mẹ́sàn-án! Ta lẹni tó lórí ńlá nínú wọn?"

Màdáámù ní kí n má fi ẹrù ránṣẹ́ sóun tààrà. Éjẹ́ńtì kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù tó ní ilé ìkẹ́rùsí, ibẹ̀ ni gbogbo ará erékùṣù wọn ń ní kí wọ́n kó ẹrù wọn lọ, éjẹ́ńtì á wá kó o sínú ọkọ̀ òkun lọ bá wọn. Oníkálukú ló ní nọ́ńbà tiẹ̀ lọ́dọ̀ éjẹ́ńtì yẹn. "Ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "ẹ kọ nọ́ńbà mi gàdàgbà. Ẹrù tí ò bá ní nọ́ńbà, wọn ò ní mọ̀ pé tèmi ni."

Mo kọ ọ́ gàdàgbà. Mo to fìlà sínú páálí, mo fi sẹ́ẹ̀lótéèpù yí i po, mo lẹ pépà tí orúkọ màdáámù àti nọ́ńbà ẹ̀ wà lórí ẹ̀ mọ́ ọn lójú gan-an, mo ya fọ́tò. Iná ti lọ látàárọ̀, fóònù mi sì fẹ́ kú, mo bá sáré lọ sójú ilé lọ́dọ̀ Bọ̀dá onífóònù. Ọmọ agboolé wa ni, àpò fóònù àti ṣájà ló ń tà, ó ní jẹnẹrétọ̀, òun náà ń tajà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó sì ti ṣe é ṣáájú mi. Mo fi fóònù síná níbẹ̀, mo dúró tàkúrọ̀sọ títí ó fi gbaná díẹ̀, mo sì mú un.

Ìgbà tí mo padà dé, páálí ti di àlejò. Màmá ti wọ̀ ọ́ láṣọ! Aṣọ àpò fùláwà tó ti fọ̀ tó ti lo sítáàṣì sí ló fi bò ó láti orí dé ìdí, ó sì fọwọ́ rán gbogbo etí ẹ̀, ó gún régé, ẹ ò lè ki ọmọńdinrín bọ̀ ọ́.

"Màmá! Kí lẹ ṣe fún un?"

"Ẹrù tó máa sọdá òkun, wọn kì í jẹ́ kó rin ìhòhò. Bí ìyá mi ṣe ń ṣe nìyẹn nígbà tó ń fi aṣọ ránṣẹ́ sí Gold Coast."

Inú mi dùn débi pé mo dì mọ́ ọn. Mo ya fọ́tò, mo gbé ẹrù lé èjìká, ó di Marina, lọ́dọ̀ Àǹtí kágò, obìnrin tó ń bá wa fi ẹrù ránṣẹ́ sókè òkun. Àǹtí kágò náà yọ̀. "Ta ló rán èyí? Ó dà bí ọmọ tuntun tí wọ́n ń gbé lọ síbi ìkómọ." Ó wọ̀n ọ́n, ó lẹ pépà tiẹ̀ mọ́ aṣọ funfun yẹn lórí, àdírẹ́sì ilé ìkẹ́rùsí àti nọ́ńbà kágò tiẹ̀ ló wà níbẹ̀. Mo fi orin padà sílé.

Ẹ ti rí i, àbí? Ẹ̀yin ti rí i. Èmi ò rí i.

Ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan lẹ́yìn ẹ̀, láàárọ̀ ọjọ́ Tuesday, mo ń fami nínú kànga agboolé, fóònù dún. Màdáámù ti fẹjọ́ mi sun ọjà. *Ẹrù mi ò dé.* Lábẹ́ ẹ̀ ni ìwé àwọn ọlọ́jà fúnra wọn, àwọn tó ni ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì yẹn: kó tó di aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀, kí n mú ẹ̀rí wá. Ṣọ́ọ̀bù mi ṣì kéré, ẹjọ́ kan ṣoṣo tó láti tì í pa. Mo jù ú sílẹ̀, kì í ṣe fóònù o, gárawa. Ó lọ já sísàlẹ̀ kànga gbùà.

Mo sáré wo nọ́ńbà kágò. Ó ní ẹrù ti dé ilé ìkẹ́rùsí, wọ́n ti fọwọ́ sí i. Mo kọ̀wé sí éjẹ́ńtì. Wọ́n ní kò sí ẹrù kankan tó ní nọ́ńbà màdáámù lọ́dọ̀ àwọn. Ó dé, kò dé. Báwo ni ẹrù ṣe máa dé tí kò ní dé? Mo kọ̀wé sí màdáámù pé kó ní sùúrù, èsì tó fún mi nìyí: "Bàbá mi ń bi mí lójoojúmọ́ pé fìlà ńkọ́. Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi tẹ́lẹ̀ pé kí n má ra nǹkan lọ́dọ̀ àwọn ará Èkó."

Ẹ gbọ́, ọ̀rọ̀ yẹn gún mi. Èmi! Èmi tí mo máa ń fi ènì kún un fún àwọn tó rà á lọ́wọ́ mi!

Bàbá mi gbọ́, kò pariwo, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Ó kàn ní, "Màá fi tó àǹtí ẹ létí pé kó ṣètò yàrá sílẹ̀."

Láàárọ̀ Wednesday mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà Àǹtí kágò kó tó ṣílẹ̀kùn.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹrù mi ni mo bá wá."

"Ẹrù wo? Ẹrù tó ti dé?"

"Ẹni tó ni ín ní òun ò rí i."

"Èmi ni mo wá jẹ ẹ́? Fìlà kì í ṣe mọ́ínmọ́ín." Ó tẹ ìwé jáde nínú ẹ̀rọ, ó nà án sí mi. "Wo ọjọ́ tó dé. Wo ẹni tó fọwọ́ sí i. Ẹrù mi kì í sọnù, ọmọ mi. Lọ fi han ẹni tó ń bú ẹ."

Mo gbé ìwé yẹn dé ọ̀dọ̀ Bọ̀dá onífóònù. Ó kà á, ó pàtẹ́wọ́.

"O ti wẹ̀, o ti yán! Éjẹ́ńtì yẹn, ta ló yàn án?"

"Màdáámù ni."

"Ó parí. Tí ẹrù bá ti dé ọwọ́ éjẹ́ńtì tí ẹni tó rà á fúnra ẹ̀ yàn, ọ̀rọ̀ ti bọ́ lọ́rùn ẹni tó tà á. Ó wà nínú òfin ọjà. Fi ìwé yìí ránṣẹ́, lọ jẹun."

Ah, ara tù mí! Mo jókòó sórí àpótí níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ níbẹ̀, mo ń kọ èsì. Fọ́ọ̀mù wọn ní kí n fi fọ́tò ẹrù sí i. Mo ṣí fọ́tò. Àkọ́kọ́, páálí pẹ̀lú nọ́ńbà gàdàgbà. Èkejì, aṣọ funfun. Mo fa àkọ́kọ́, mo fa èkejì. Mo tún fa àkọ́kọ́.

Nọ́ńbà màdáámù wà lábẹ́ aṣọ.

Mo dìde lórí àpótí. Gbogbo ẹ̀ wá tò lẹ́sẹẹsẹ síwájú mi. Pépà Àǹtí kágò ló gbé ẹrù dé Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n gbà á, wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n yí i sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì, wọn ò rí nọ́ńbà oníbàárà kankan. Wọ́n á ti gbé e tì sápá kan. Kò sẹ́ni tó parọ́ nínú gbogbo wọn. Màdáámù ò parọ́, éjẹ́ńtì ò parọ́, Àǹtí kágò ò parọ́. Àwa la ṣe àṣìṣe.

"Bọ̀dá, ẹ wo nǹkan."

Ó wò ó. Ojú ẹ̀ yí padà, ó dojú fóònù délẹ̀ lórí tábìlì kíá.

"Ta lo ti fi hàn?"

"Ẹ̀yin nìkan."

"Pa fọ́tò yẹn rẹ́."

"Ha!"

"Èwo ni ha? Ẹrù dé, àbí kò dé?"

"Ó dé."

"O parọ́?"

"Mi ò parọ́."

"Ta ló wá pè ẹ́ sẹ́jọ́ tó o fẹ́ máa rò? Fi ìwé kágò nìkan ránṣẹ́. Àbí ẹja ń wù ẹ́ fọ̀ ni?"

Mi ò pa á rẹ́. Mi ò fi nǹkan kan ránṣẹ́ náà. Mo gbé fóònù kiri agboolé bí ẹni gbé ẹyin tó ti sán. Tí n bá fi ìwé nìkan ránṣẹ́, màá borí, ṣọ́ọ̀bù á wà, Ìkòròdú á dúró síbi tó wà. Ṣùgbọ́n fìlà mẹ́sàn-án á jókòó sínú òkùnkùn ní Lọ́ńdọ̀nù títí wọ́n á fi dà á nù, ohun tí wọ́n sì kìlọ̀ fún màdáámù nípa àwọn ará Èkó á wá di òótọ́, èmi ni mo máa sọ ọ́ di òótọ́. Tí n bá sọ bó ṣe jẹ́, mo ti fọwọ́ ara mi ti ṣọ́ọ̀bù pa nìyẹn.

Lọ́sàn-án Thursday, Màmá wà lórí ẹní ẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń rán fìlà. Mo jókòó tì í, mo tẹjú mọ́ ọwọ́ ẹ̀.

"Kí ló dé tó o ń wo abẹ́rẹ́ mi bí ẹni pé ó jí nǹkan ẹ?"

Mo sọ fún un. Mo fẹ́ sọ ọ́ lọ́nà tí kò ní dùn ún, kò sí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ẹ̀ dúró. Mi ò rí kí ọwọ́ Màmá dúró báyẹn rí láìjẹ́ pé wọ́n ń pe ìrun.

"Á jẹ́ pé èmi ni."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mà."

"Má bá mi bò ó mọ́lẹ̀. Èmi ni mo rán ojú ẹrù pa."

"Èmi náà rí i mà. Mo rẹ́rìn-ín, mo tún ya fọ́tò."

Ó gbé fìlà sílẹ̀ lórí ẹní. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ṣé wọ́n ti dà á nù?"

"Mi ò mọ̀ mà."

"Wọn ò lè tètè da ẹrù tó wọṣọ nù. Sọ fún wọn kí wọ́n wo igun ẹ̀."

"Igun wo?"

"O ò rí i? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàn ń ya fọ́tò ṣáá!" Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó nà án padà sí mi, torí kò mọ bí wọ́n ṣe ń fà á. "Sọ ọ́ di ńlá."

Mo sọ ọ́ di ńlá. Ní igun ìsàlẹ̀, òwú pupa, ìlà mẹ́ta tó jáde láti ojú kan, bí ẹsẹ̀ ẹyẹ tó tẹ ẹrẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo ti ń wo fọ́tò yẹn, mo rò pé àbàwọ́n ni.

"Àmì ìyá mi nìyẹn," Màmá wí. "Ẹni tó ń gbé ẹrù lọ sí Gold Coast ò mọ̀wé, ẹni tó máa gbà á ò mọ̀wé. Ẹsẹ̀ ẹyẹ ni wọ́n ń wá, wọ́n sì ń rí i."

"Màmá, tí mo bá sọ fún wọn, wọ́n á mọ̀ pé àwa la jẹ̀bi. Wọ́n lè ti ṣọ́ọ̀bù."

"Ṣé àwa kọ́ ni?"

Mo tún wo ẹsẹ̀ ẹyẹ yẹn.

"Ìkòròdú ò jìnnà," ó ní. "Màá máa wá kí ẹ. Màá gbé ọṣẹ dání." Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀ tí kò gún nǹkan kan.

Níbẹ̀ yẹn, kí ọkàn mi tó yí padà, mo kọ̀wé sí éjẹ́ńtì àti màdáámù pọ̀. Mo ní ẹ má wá nọ́ńbà mọ́, àṣìṣe tiwa ni, ìyá mi àgbà ló fi aṣọ bò ó torí ó fẹ́ kó rẹwà. Ẹ wá àpò funfun tí ẹsẹ̀ ẹyẹ pupa wà ní igun ẹ̀. Éjẹ́ńtì dáhùn pé ẹrù aláìlórúkọ pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn, àwọn máa wò ó tí àyè bá wà. Tí àyè bá wà! Màdáámù ò dáhùn rárá.

Ilẹ̀ Jímọ̀ mọ́. Aago mẹ́wàá. Kò sí nǹkan. Mọ́kànlá. Kò sí nǹkan. Bọ̀dá onífóònù dúró lé mi lórí.

"Ìwé kágò. Ìwé kágò nìkan. Mo bẹ̀ ẹ́ lórúkọ Ọlọ́run."

Mo fi ìwé kágò sí i. Ó mí kanlẹ̀. Mo fi fọ́tò àkọ́kọ́ sí i. Mo fi èkejì sí i. Ó ké, "Ọmọ yìí!" Mo wá kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé: ẹrù dé ilé ìkẹ́rùsí, àmọ́ àwa la fi aṣọ bo nọ́ńbà, ẹ má bá éjẹ́ńtì wí, ẹ má sì bá màdáámù wí. Aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo tẹ̀ ẹ́.

"Máa kí àwọn ẹja fún mi," Bọ̀dá wí, ó lọ ṣe àlùwàlá.

Bí wọ́n ṣe pe ìrun báyìí, wọ́n ti tẹ́ ẹní gba gbogbo títì, mọ́tò ò kọjá mọ́, èrò kún fọ́fọ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì lọ. Ó máa ń lọ tí èrò bá pọ̀ báyẹn. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá láàárín àwọn obìnrin, mo ń fẹnu sọ ohun tó yẹ kí n sọ, ọkàn mi wà nínú àpò tó wà lábẹ́ híjáàbù mi pẹ̀lú fóònù. Wáàsí ọjọ́ yẹn gùn! Kí Ọlọ́run dárí jì mí, mi ò mọ ohun tí lèmọ́ọ̀mù sọ.

A délé. Màmá tún tẹ́ ẹní tiẹ̀, ó ń kí ìrun nọ́fílà. Ìgbà yẹn ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì dé, tí fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, fírí, fírí, fírí.

Fọ́tò ló kọ́kọ́ wọlé. Ọkùnrin kan tó wọ ẹ̀wù ilé ìkẹ́rùsí gbé àpò funfun sáyà, ìka ẹ̀ na igun ìsàlẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹyẹ! Ẹsẹ̀ ẹyẹ pupa ìyá ìyá bàbá mi ní Lọ́ńdọ̀nù! Éjẹ́ńtì ní ó ti wà lórí pẹpẹ ẹrù aláìlórúkọ látọjọ́ tó ti dé, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ò fẹ́ fi ọ̀bẹ ya á, torí ó dà bí nǹkan tí èèyàn kan fẹ́ràn.

Èkejì, àwọn ọlọ́jà: ẹni tó fẹjọ́ sùn ti fagi lé ẹjọ́ ẹ̀. Ẹ lè máa tajà yín lọ.

Mo fẹ́ ké, Màmá ṣì ń kírun! Mo fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, mo ń fò sókè sódò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láìsí ohùn bí ẹni tí kòkòrò wọ inú aṣọ ẹ̀. Màmá wólẹ̀, ó jókòó, ó sálámà sọ́tùn-ún, ó rọra sálámà sósì, ó wá wò mí.

"Ó dáa, ké báyìí."

Mo ké! Àwọn ará agboolé jáde. Bàbá mi jáde, ó rò pé ẹnì kan ti jábọ́ sí kànga. Bọ̀dá onífóònù náà dé, ó wo fóònù, ó mi orí. "Orí ẹ ló ṣe é. Má tún dán irú ẹ̀ wò mọ́." Kò yé e títí di òní, ẹ fi sílẹ̀.

Ìwé màdáámù ni mo kà kẹ́yìn. Ó ní kí n bá òun bẹ ìyá mi àgbà, òun ti sọ ohun tí kò yẹ kóun sọ. Ó ti ní kí éjẹ́ńtì má tú aṣọ yẹn. Bàbá òun fúnra ẹ̀ ló máa já òwú ẹ̀ níwájú àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀. Ẹrù ṣì wà lójú òkun bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, mi ò tíì mọ̀ bóyá fìlà wọ bàbá tó lórí ńlá.

Bàbá mi pe Ìkòròdú níwájú mi. Ó ní kí àǹtí mi fi yàrá yẹn kó ẹja.

Láàárọ̀ yìí ẹrù míì wà nílẹ̀, tó ń lọ sọ́dọ̀ éjẹ́ńtì míì. Màmá ní òun ò ní jẹ́ kó rin ìhòhò láéláé, òun ò sì ní rán ojú ẹ̀ pa mọ́. Ó ní kí n fi lẹ́ẹ̀dì kọ nọ́ńbà náà sórí aṣọ, òun á fi òwú pupa tẹ̀ lé e. Màmá ò mọ̀wé. Ó ń gbé abẹ́rẹ́ tẹ̀ lé ìlà mi díẹ̀díẹ̀, ó ń bá àwọn nọ́ńbà sọ̀rọ̀. Ó dé orí mẹ́rin, ó dúró.

"Kí lèyí? Ó dà bí àga tí wọ́n dojú ẹ̀ délẹ̀."

"Mẹ́rin nìyẹn mà."

"Ẹsẹ̀ ẹ̀ gùn jù. Ṣé wọ́n á dá a mọ̀ níbẹ̀?"

"Wọ́n á dá a mọ̀ mà."

"Jókòó síbí yìí, máa wò mí."

Fóònù mi ti ku díẹ̀ kó kú, mo ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ Bọ̀dá níta. Mi ò lọ. Mo jókòó tì í, mo ń wò ó.